Kíkó lẹ́tà àti orúkọ kúrò nínú Outlook àtijọ́ lọ sí Gmail, títí kan òdo tó máa ń sọnù nínú nọ́ńbà fóònù

Ẹ̀yin tí ẹ ṣì ń lo Outlook 2010 lórí láptọ́ọ̀pù Windows 7, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ pọ̀ ju bí àwọn ọmọdé ṣe rò lọ. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn, mo sì mọ̀ yín dáadáa: ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, lọ́yà tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ẹ̀rọ òun, akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí gbogbo ìwé ẹgbẹ́ wà nínú ímeèlì rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì kan ló fún yín ní àdírẹ́ẹ̀sì yẹn láyé ọjọ́sí, wọ́n sì ti wá kọ̀wé pé àwọn máa tó pa á tì. Ọmọ yín tó wà lókè òkun ní kí ẹ ṣí Gmail, pé ó parí. Kò parí o. Gmail tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí, òfìfo ni. Lẹ́tà ọ̀pọ̀ ọdún àti orúkọ gbogbo èèyàn ṣì wà nínú láptọ́ọ̀pù tí bátìrì rẹ̀ ò gba iná dúró mọ́.

Bàbá akọ̀wé kan ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí kò sí wàhálà inú iṣẹ́ yìí tí kò sí nínú tiwọn. Olùkọ́ Yorùbá ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, a máa padà bá a níwájú. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ìwọ ọmọ yìí, tí lẹ́tà mi bá wá sọnù ńkọ́?" Mo ní, "Bàbá, a ò ní gbé e rárá sà. Ẹ̀dà la máa ṣe." Ọ̀rọ̀ ẹ̀dà yẹn ni kí ẹ dì mú. Nínú gbogbo ètò ímeèlì, Move àti Copy máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Tí iná bá lọ láàárín Copy, ẹ tún un ṣe. Tí iná bá lọ láàárín Move, kò sẹ́ni tó lè fi gbogbo ẹnu sọ ibi tí lẹ́tà tó wà lójú ọ̀nà wọlé sí.

Ibo ni lẹ́tà yín ń gbé?

Ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan títí ẹ ó fi mọ èyí. Ọ̀nà méjì ni Outlook fi ń gba lẹ́tà. POP dà bí àpótí lẹ́tà ní póòsì ọ́fíìsì Dùgbẹ̀: ẹ mú kọ́kọ́rọ́ lọ, ẹ kó gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ sínú báàgì, ẹ gbé e wálé, àpótí sì ṣófo. Ti IMAP yàtọ̀: lẹ́tà kò kúrò ní póòsì ọ́fíìsì, ẹ kàn ń dúró níbẹ̀ kà á ni. Láti mọ èyí tí tiyín jẹ́, ẹ lọ sí File, ẹ tẹ Account Settings, kí ẹ tún tẹ Account Settings tó jáde nísàlẹ̀ rẹ̀. Níwájú àdírẹ́ẹ̀sì yín, lábẹ́ Type, ẹ máa rí POP/SMTP tàbí IMAP/SMTP.

Tó bá jẹ́ IMAP, ẹ rẹ́rìn-ín. Lẹ́tà yín ṣì wà lórí sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ tó fún yín ní àdírẹ́ẹ̀sì, iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dín kù sí ìdajì.

Tó bá jẹ́ POP, bíi ti Bàbá, inú láptọ́ọ̀pù nìkan ni ọ̀pọ̀ lẹ́tà wà. Ohun kan sì wà tí àwọn èèyàn kì í rántí: Inbox nìkan ni POP mọ̀. Kò mọ Sent Items, kò mọ Drafts, kò mọ fódà kankan tí ẹ fi ọwọ́ ara yín ṣí. Nítorí náà, kódà bí sáfà bá ṣì ní ẹ̀dà lẹ́tà tí wọ́n kọ sí yín, èyí tí ẹ̀yin kọ sí wọn kò sí níbì kankan láyé àfi nínú ẹ̀rọ yẹn. Fún akọ̀wé ẹgbẹ́, èyí tó kọ ló níye lórí jù: ibẹ̀ ni ìpè ìpàdé wà, ibẹ̀ ni ìṣirò owó wà, ibẹ̀ ni èsì fún ẹni tó ní wọn ò sọ fún òun wà.

Ẹ̀dà àkọ́kọ́

Ẹ ti Outlook pa pátápátá. Ẹ wọ Documents, ẹ wá fódà tó ń jẹ́ Outlook Files. Fáìlì tí orúkọ rẹ̀ parí sí .pst ni ẹrù yín. Lẹ́tà, orúkọ, kàlẹ́ńdà, inú rẹ̀ ni gbogbo wọn wà. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ padà sí Account Settings, ẹ tẹ Data Files, yóò fi ibi tó wà hàn yín gan-an. Ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sórí fíláàṣì.

Bí fíláàṣì bá kọ̀ ọ́, tó ní fáìlì náà tóbi jù nígbà tí àyè ṣì pọ̀ lórí rẹ̀, kò bàjẹ́. Ọ̀pọ̀ fíláàṣì tí a ń rà ló ń wá pẹ̀lú fọ́mátì tó ń jẹ́ FAT32, FAT32 kì í sì í gba fáìlì kan ṣoṣo tó bá tó 4 GB. Ẹ kó ohun tó wà lórí rẹ̀ síbòmíràn, ẹ fi exFAT ṣe fọ́mátì rẹ̀, ẹ tún gbìyànjú. Fíláàṣì yìí, ẹ fi pamọ́ sínú dúrọ́ọ̀. Kì í ṣe èyí tí ẹ ó yá ọmọ aládùúgbò tó fẹ́ tẹ ìwé iṣẹ́ rẹ̀ jáde.

Ìdí tí mo fi ń lo Thunderbird

Àwọn kan máa ní kí wọ́n kàn fi Gmail sínú Outlook 2010 tààrà. Outlook yẹn ti dàgbà ju ọ̀nà tí Google ń gbà béèrè páswọ́ọ̀dù lónìí lọ: ẹ ó máa tẹ páswọ́ọ̀dù tó tọ̀nà, yóò sì máa béèrè rẹ̀ padà. App password, ìyẹn páswọ́ọ̀dù àkànṣe tí Google ń ṣe fún irú ètò bẹ́ẹ̀, lè gbà yín níbẹ̀, ṣùgbọ́n Microsoft ti jáwọ́ nínú títọ́jú Outlook 2010 láti oṣù kẹwàá ọdún 2020, èmi ò sì fẹ́ kó nǹkan tuntun lé e lórí. Thunderbird jẹ́ ètò ímeèlì ọ̀fẹ́, ó mọ èdè Outlook, ó sì mọ èdè Gmail. Òun ni mo máa ń fi ṣe alárinà.

Tó bá jẹ́ Windows 7 lẹ ní, Thunderbird 115 ni kí ẹ wá, nítorí òun ló gbẹ̀yìn tó ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀; àwọn tó tẹ̀ lé e ń béèrè Windows 10. Orí ẹ̀rọ tí Outlook wà náà ni kí ẹ gbé e sí. Thunderbird kì í ṣí fáìlì .pst fúnra rẹ̀. Outlook ló máa ń bẹ̀ pé kó kà á fún òun, tí Outlook ò bá sì sí nílé, kò sẹ́ni tó máa dáhùn.

Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ ìlà mẹ́ta tó wà lókè lápá ọ̀tún, ẹ yan Tools, ẹ yan Import, ẹ mú Outlook. Bó bá ní òun ò rí Outlook, ohun méjì ni kí ẹ yẹ̀ wò. Èkíní, ṣé Outlook ni Windows gbà pé ó ń bójú tó ímeèlì lórí ẹ̀rọ yẹn? Èkejì, ṣé 32-bit ni ọ̀kan, tí èkejì sì jẹ́ 64-bit? Àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ jẹ́ irú kan náà kí wọ́n tó lè gbọ́ra wọn yé. Bó bá ti ń lọ, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Ẹ má ṣí nǹkan mìíràn lórí ẹ̀rọ tí agbára rẹ̀ kéré. Ohun tó bá kó wọlé á wà lábẹ́ Local Folders, ìyẹn ni pé inú ẹ̀rọ yín ló ṣì wà, kò tíì dé ọ̀dọ̀ Google.

Àwọn tí láptọ́ọ̀pù wọn ti kú, tó jẹ́ pé fáìlì .pst nìkan ni wọ́n rí yọ, ẹ wá ẹni tó ní Linux. Ètò kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ readpst. Ẹ kọ readpst -r -o àpò fáìlì.pst, níbi tí "àpò" ti jẹ́ orúkọ fódà tí ẹ ti ṣí sílẹ̀. Yóò tú gbogbo rẹ̀ sí mbox, ìyẹn irú fáìlì kan tí a ń kó lẹ́tà sí, Thunderbird sì ń ka mbox láìní wá ojú rere ẹnikẹ́ni.

Gbígbé e lọ sí Gmail

Ẹ fi àdírẹ́ẹ̀sì Gmail tuntun sínú Thunderbird. Kò ní da yín láàmú: ó mọ̀ pé imap.gmail.com ni, pé 993 ni ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ojú ìwé Google á sì jáde kí ẹ tẹ páswọ́ọ̀dù sí i. Ẹ rí i dájú pé IMAP lẹ yàn, kì í ṣe POP, àbí a tún fẹ́ padà síbi tí a ti ń sá bọ̀?

Ẹ ṣí fódà tó bá àwọn ti àtijọ́ mu nínú Gmail. Èmi máa ń fi ọdún pín wọn: "Outlook 2014", "Outlook 2015", bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ẹ wọ fódà ti Local Folders, ẹ to àwọn lẹ́tà tẹ̀ lé Date, ẹ yan ti ọdún kan, ẹ tẹ bọ́tìnnì ọ̀tún lórí máòsì, ẹ mú Copy To, kí ẹ fi hàn án ibi tó ń lọ. Date ni mo sọ o, kì í ṣe Received. Lẹ́tà tí a kó láti ibì kan sí ibòmíràn lè máa fi ọjọ́ tí a kó o hàn lábẹ́ Received, kí ẹ wá rò pé gbogbo ayé kọ̀wé sí yín ní ọjọ́ kan náà.

Kí nìdí tí mo fi ní ọdún kan lẹ́ẹ̀kan? Iná jẹ́ ìdí kan. Dátà tún jẹ́ ìdí mìíràn: lẹ́tà tí fọ́tò ìnáwó wà nínú rẹ̀ máa jẹ dátà nígbà tó bá ń gòkè lọ gẹ́gẹ́ bó ṣe jẹ ẹ́ nígbà tó ń bọ̀. Google náà sì ní ìwọ̀n tirẹ̀. Fún àwọn tó ń lo Google Workspace, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé 500 MB lèèyàn lè fi IMAP gbé wọlé lójúmọ́. Ẹni tó ní 6 GB, tó yan gbogbo rẹ̀ pọ̀ tó wá lọ sùn, á jí bá iṣẹ́ tó dúró sójú kan, kò sì ní mọ lẹ́tà tó ti dé àti èyí tí kò dé. Tí ẹ bá ti pín in sí ọdún, ẹ ó mọ ibi tí ẹ dúró sí.

Tèmi ni pé kì í ṣe dandan kí gbogbo rẹ̀ lọ sí Gmail. Àyè ọ̀fẹ́ tí Google ń fúnni jẹ́ 15 GB, fọ́tò inú fóònù yín àti Google Drive sì ń bá ímeèlì pín in. Fún Bàbá, lẹ́tà ọdún díẹ̀ tó kẹ́yìn àti gbogbo Sent Items la gbé lọ. Èyí tó kù wà nínú Local Folders lórí láptọ́ọ̀pù ọmọ wọn, wọ́n lè wá ohunkóhun nínú rẹ̀ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Tí ẹ bá fẹ́ gbé Local Folders láti ẹ̀rọ kan sí òmíràn, ẹ ti Thunderbird pa, ẹ tẹ %APPDATA%\Thunderbird\Profiles sínú àyè àdírẹ́ẹ̀sì tó wà lókè fèrèsé fódà Windows, ẹ wọ fódà tó jáde níbẹ̀, ẹ wọ Mail, ẹ wọ Local Folders. Fáìlì tí kò ní ìrù lórúkọ ni lẹ́tà wà nínú rẹ̀. Èyí tí orúkọ rẹ̀ parí sí .msf kàn jẹ́ atọ́ka ni, ẹ fi í sílẹ̀, Thunderbird á ṣe tuntun fúnra rẹ̀. Fódà tí orúkọ rẹ̀ parí sí .sbd ni kí ẹ má gbàgbé o, inú rẹ̀ ni àwọn fódà kéékèèké wà.

Ẹ̀yin tó jẹ́ Yahoo lẹ ń kúrò níbẹ̀, bóyá nítorí pé wọ́n dín àyè ọ̀fẹ́ kù láti 1 TB sí 20 GB ní ọdún 2025, tiyín rọrùn. Ẹ fi Yahoo àti Gmail méjèèjì sínú Thunderbird pẹ̀lú IMAP, ẹ ṣe Copy To láti Yahoo sí Gmail. Tó bá jẹ́ inú Gmail lẹ ń kó jáde, ẹ ṣọ́ All Mail, fódà tó ń kó gbogbo lẹ́tà pọ̀: lẹ́tà tó ní àmì (label) méjì á hàn ní fódà méjì, á tún hàn nínú All Mail, tí ẹ bá kó gbogbo rẹ̀ ẹ ó di ẹni tó ní lẹ́tà kan náà lọ́nà mẹ́ta.

Orúkọ àti nọ́ńbà: ibi tí wàhálà wà

Lẹ́tà kì í yọ mí lẹ́nu tó orúkọ. Outlook 2010 á fún yín ní orúkọ nínú CSV, ìyẹn fáìlì tí kọ́mà pín ọ̀rọ̀ inú rẹ̀: File, Options, Advanced, ẹ tẹ Export, ẹ yan Export to a file, lẹ́yìn náà Comma Separated Values (Windows). Ẹ mú fódà Contacts. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ tún un ṣe fún fódà Suggested Contacts. Àwọn èèyàn tí ẹ kò fi orúkọ wọn pamọ́ rí, àmọ́ tí Outlook máa ń parí orúkọ wọn fún yín tí ẹ bá tẹ lẹ́tà méjì, ibẹ̀ ni wọ́n wà. Ìdajì àwọn tí Bàbá ń kọ̀wé sí, ibẹ̀ ni a ti bá wọn.

Ó yá, ẹ má fi Excel ṣí CSV yẹn. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, Excel á rò pé nọ́ńbà fóònù jẹ́ iye owó. 08031234567 á di 8031234567, òdo ti lọ. Ẹni tó fi 234 bẹ̀rẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀ á di 2.34803E+12. Tí ẹ bá wá fi í pamọ́ bẹ́ẹ̀, ó ti di ohun tí a ń wá nọ́ńbà èèyàn lọ́wọ́ àna rẹ̀. LibreOffice Calc, ètò ọ̀fẹ́ tó jọ Excel, ni kí ẹ lò. Kó tó ṣí fáìlì, á gbé ojú ìwé kan wá: ẹ tẹ orí ìlà tí nọ́ńbà fóònù wà, ẹ yan Text fún un. Òdo kò ní lọ síbì kankan.

Ojú ìwé kan náà yẹn ló ń béèrè Character set, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ Bàbá olùkọ́ Yorùbá ti wọlé. Gbogbo orúkọ ni wọ́n fi àmì sí. Kò sí "Sola" nínú ìwé wọn, "Ṣọlá" ni. Nígbà tí a ṣí CSV, Ṣọlá ti di ??lá. Bàbá wò ó, wọ́n yọ gíláàsì, wọ́n ní, "Ta ni wọ́n fi àmì ìbéèrè pè báyìí?"

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Outlook yẹn máa ń fi kóòdù àtijọ́ Windows kọ CSV, èyí tí ẹ máa rí orúkọ rẹ̀ bíi Windows-1252. Kóòdù yẹn mọ á, ó mọ è, torí pé àwọn ará Faransé àti Sípéènì ń lò wọ́n. Kò mọ ẹ, kò mọ ọ, kò mọ ṣ. Èyí tí kò bá mọ̀, àmì ìbéèrè ló ń fi rọ́pò rẹ̀. Àmì ìbéèrè yìí kì í ṣe àṣìkà, lẹ́tà ti sọnù nínú fáìlì yẹn pátápátá, kò sí bí ẹ ṣe lè dá a padà láti inú rẹ̀. Ẹ padà sí Outlook, ibẹ̀ ló ṣì wà ní pípé.

Ọ̀tọ̀ ni tí ẹ bá rí áº¹ níbi tó yẹ kí ẹ wà, tàbí á¹£ níbi tó yẹ kí ṣ wà. Ìyẹn kò sọnù rárá. UTF-8, kóòdù tó mọ ẹ, ọ àti ṣ, ni fáìlì náà, ìwé kíkà ni wọ́n kà á ṣì. Ẹ tì í pa láìfi í pamọ́, ẹ tún un ṣí, ẹ yan Unicode (UTF-8) nínú Character set, orúkọ á padà bọ̀ sípò. Bákan náà ni bí ẹ bá ṣí fáìlì .vcf (vCard, fáìlì orúkọ àti nọ́ńbà) láti inú fóònù àtijọ́ tí ẹ rí =E1=BA=B9: "ẹ" ni, ó kàn wọ aṣọ mìíràn. Ẹ fi lọ Google Contacts bó ṣe wà.

Fún Bàbá, a pa CSV tì. Orúkọ tó bá Import wọ inú Address Book ti Thunderbird la yẹ̀ wò, èyí tó ní ẹ, ọ àti ṣ la kọ́kọ́ wá, kó tó kan ohunkóhun mìíràn. Nígbà tí a rí i pé wọ́n dúró dáadáa, a tẹ Export níbẹ̀, a yan vCard. Tí tiyín bá dé ibẹ̀ pẹ̀lú àmì ìbéèrè, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó ti Outlook, kí ẹ tún àwọn tó ní àmì tẹ̀ sínú Google Contacts lọ́kọ̀ọ̀kan. Orúkọ èèyàn ni.

Ní contacts.google.com, ẹ tẹ Import, ẹ mú fáìlì náà. Tó bá jẹ́ pé orúkọ yín ju 3,000 lọ, ẹ pín in sí méjì, nítorí ìwọ̀n tí Google ń gbà lẹ́ẹ̀kan nìyẹn. Gbogbo ohun tí ẹ gbé wọlé máa ní àmì (label) kan tó fi ọjọ́ òní hàn. Bó bá dàrú, ẹ lè fi àmì yẹn ṣà wọ́n jáde kí ẹ pa wọ́n rẹ́, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ tẹ Merge & fix fún àwọn tó wọlé lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ má kàn gbà fún gbogbo rẹ̀ o. Nínú ẹgbẹ́ Bàbá, Ìyá Ìbejì ju ẹyọ kan lọ.

Ẹgbẹ́ tí ẹ kó jọ nínú Outlook, bíi "Ìgbìmọ̀" tí ẹ ń tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kí lẹ́tà lọ bá gbogbo ọmọ ìgbìmọ̀, kì í bá CSV lọ. Ẹ ṣí label kan ní Google Contacts, ẹ fún un ní orúkọ yẹn, ẹ fi ọwọ́ kó wọn sínú rẹ̀. Kò ní gba àkókò, ẹ ó sì rí àwọn tí kò sí nínú ìgbìmọ̀ mọ́.

Kí ẹ tó ní ó tó

Ẹ fi iye lẹ́tà inú fódà kọ̀ọ̀kan wé iye ti Outlook. Ẹ ṣí èyí tó pẹ́ jù, ẹ ṣí èyí tó dé kẹ́yìn, ẹ ṣí ọ̀kan tí wọ́n fi ìwé sí, kí ẹ rí i pé ìwé náà ṣí. Ẹ wo Sent. Ẹ tún wo Sent.

Lẹ́yìn náà ẹ wá àwọn tó mọ̀ yín ní àdírẹ́ẹ̀sì àtijọ́. Nínú Thunderbird, ẹ wá "password", ẹ wá "verify", ẹ wá "statement". Báǹkì á yọjú, ilé-iṣẹ́ tó ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì á yọjú, ẹ ó sì tún rí àwọn ibi tí ẹ ti gbàgbé pé ẹ ní àkáǹtì. Ẹ wọ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ yí àdírẹ́ẹ̀sì padà nígbà tí èyí àtijọ́ ṣì ń gba lẹ́tà, nítorí kóòdù tí wọ́n fi ń jẹ́rìí ìyípadà náà, ọ̀dọ̀ ti àtijọ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn máa fi í ránṣẹ́ sí. Báǹkì ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Òmíràn nínú wọn á ní kí ẹ wá sí ọ́fíìsì pẹ̀lú káàdì ìdánimọ̀.